Àgò Onílé: Tábúlẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Ojú Síìmù

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìbéèrè ọmọ mi ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé ilẹ̀ kan ni mò ń wá nínú dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ náà, ni ọwọ́ mi bá ba tábúlẹ́ẹ̀tì Nokia N800 tí mo ti gbàgbé pé mo ní. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, já a gbà. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó ń fi èékánná tọ ibi tó rò pé síìmù ń gbà wọlé. Ó rí ojú mẹ́mòrì méjì. Ó rí ihò íyàpíìsì àti ihò ṣájà. Kò rí ojú síìmù.

Ó ní, "Dádì, kò ní ibi síìmù. Ta ló wá ń ṣílẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì fún un?"

Mo ní fóònù ni. Ó ní fóònù ta? Mo ní fóònù tèmi, ìgbà mìíràn fóònù ẹlòmíì. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ máa ń tọrọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn ni?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti sáré lọ síbi bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà ni kò bá a lọ. Bí mo bá ń wakọ̀, ó wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ó ti ṣáájú mi dé orí ìrọ̀rí.

Kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ tí kò lè pe ènìyàn

Àwọn ará Finland tó ṣe é kò pè é ní fóònù rárá. "Internet Tablet" ni wọ́n kọ sí i lára. Èkíní wọn, Nokia 770, jáde ní 2005. N800 tẹ̀lé e ní January 2007. Kí ọdún náà tó parí, N810 ti dé pẹ̀lú bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tó ń yọ jáde lábẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé 2010 ni iPad tó dé ọjà. Iléeṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fóònù ló jókòó ṣe ohun tí kò lè pe ẹnikẹ́ni. Títí di òní, n kò tíì mọ̀ bóyá kí n pe ìyẹn ní ìgboyà tàbí agídí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Peckham, ní London, ló fi N800 yìí ránṣẹ́ sí mi nígbà tó sú u. Agbowó ni mò ń gbé nígbà náà, ní 2008, ní ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ojú rẹ̀ tó íńṣì mẹ́rin àti díẹ̀, ó sì mọ́ rekete, nígbà tí ojú fóònù ọ̀pọ̀ wa kò ju sítáǹpù lẹ́tà lọ. Ó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́yìn tó fi ń dúró lórí tábìlì, gègé kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ fún títẹ ojú rẹ̀, kámẹ́rà rẹ̀ a sì máa yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ojú ìgbín. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, irú tí wọ́n gbé ka orí ẹ̀yà Linux kan tó ń jẹ́ Debian, tó fi jẹ́ pé alẹ́ tí n kò bá rí nǹkan ṣe, mo máa ń ṣí ojú dúdú tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún un, màá máa tẹ nǹkan tí kò yé mi tán.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò a gbà á wò, wọ́n á gbóríyìn fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè ìbéèrè tó ń bà mí nínú jẹ́: "Kò lè pè?" Bí mo bá ti ní kò lè pè, wọ́n á dá a padà fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó dá ọmọ aláìsàn padà fún ìyá rẹ̀.

Ẹnu kékeré

Ohun tó gbà mí ni ẹnu ṣájà rẹ̀. Ẹni tó bá lo 3310 tàbí 1100 mọ ẹnu ńlá. Nígbà tó yá, ẹnu kékeré dé, tó rí bí abẹ́rẹ́, òun náà ni N800 ń lò. Ó ní ihò USB tí wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n iná kì í gbabẹ̀ wọlé. Ẹnu kékeré nìkan ni. Bí tèmi bá bàjẹ́, mo mọ ilé bíi mẹ́wàá tí mo lè kan ilẹ̀kùn wọn, ẹni kan á sì ní in. Láti ìparí 2024 ni òfin Yúróòpù ti ní ẹnu USB-C kan náà ni kí gbogbo fóònù tuntun máa lò níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Ní Agbowó, a ti wà lábẹ́ òfin ẹlẹ́nu kan láìsí ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni wàhálà. Wi-Fi wà nínú rẹ̀, àmọ́ ta ló ní Wi-Fi ládùúgbò wa nígbà náà? Bluetooth ni mo fi ń so ó mọ́ Nokia 6300 mi. Fóònù á wà nínú àpò, tábúlẹ́ẹ̀tì á wà lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé, tábúlẹ́ẹ̀tì á kanlẹ̀kùn, fóònù á béèrè pé ta nìyẹn. Èmi á tẹ nọ́ńbà kan náà sínú àwọn méjèèjì kí wọ́n lè gbà pé ará ni wọ́n. Àgò onílé, àgò yà. Lẹ́yìn èyí, tábúlẹ́ẹ̀tì á ní kí fóònù pe *99#, nọ́ńbà tó ń ṣí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà á sì là. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: fóònù ní ọ̀nà ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kéré, tábúlẹ́ẹ̀tì lójú ṣùgbọ́n kò lọ́nà.

Owó kílóbáìtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà sí wa lọ́rùn. Nítorí náà, mo pa àwòrán inú ojú ìwé rẹ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni mo ń jẹ́ kó wọlé. Àwòrán ìyàwó ọ̀sìngín ẹlòmíì lè jẹ owó ẹ̀kọ méjì. Àmọ́ bí a ń gúnyán nínú ewé, bí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Mo ń ka ìwé ìròyìn, mo ń ka lẹ́tà, mo sì ń wo àwọn tó ń lọ ṣe òru mọ́jú nínú káfè bíi pé mo ti kúrò lẹ́gbẹ́ wọn.

Alẹ́ èsì

August ni, òjò ń rọ̀, iná ti lọ láti ọjọ́ méjì. Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo gbọ́ "Àgò, Ẹ̀gbọ́n." Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́wà ni, yàrá wọn ló kọjú sí tèmi. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní èsì WAEC ti jáde. Ọmọ náà ti ra káàdì tí wọ́n fi ń wò ó láti ọjọ́ mélòó kan, ìyá rẹ̀ sì fi í pamọ́ sínú Bíbélì, ní ibi Orin Dáfídì. Káfè tó wà nísàlẹ̀ ti tilẹ̀kùn nítorí òjò.

"Ẹ jọ̀ọ́ Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ní kọ̀ǹpútà ọlọ́wọ́ kan."

Mo ní in lóòótọ́. Bátìrì rẹ̀ ṣì tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Àmọ́ kò sí owó lórí 6300 mi, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń ké fún iná. Ó wù mí kí n sọ pé kí wọ́n dúró di àárọ̀. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ń pa á, ó tún ń tàn án.

A jáde. Ìyá Oníkáàdì tó ń tajà lẹ́nu géètì ti palẹ̀ mọ́, a kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti ń sùn. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fa káàdì igba náírà yọ láti abẹ́ ìrọ̀rí, ó ní kí a sanwó bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó wá ku iná. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń dún ládùúgbò, ti onígbàjámọ̀, kékeré yẹn tí àwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour". Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò mọ ohun tí yóò fi ṣe fún aládùúgbò lálẹ́ yẹn.

Orí oníbàárà kan ni ọkùnrin náà wà, ó ti fá apá kan tán. Ihò iná méjì ló ní, kílípà wà nínú ọ̀kan, ṣájà fóònù tirẹ̀ wà nínú èkejì. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá rẹ̀. Ó yọ fóònù tirẹ̀ kúrò, ó na ẹnu ṣájà sí mi. Ẹnu kékeré.

Okùn ṣájà kò gùn, nítorí náà ìdí tábìlì rẹ̀ la jókòó sí, láàrin irun tó wà nílẹ̀. Fóònù ń gba iná, tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí itan mi. Mo kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kíní, fóònù kò dáhùn. Mo tún un kàn. Ó dáhùn, ó pe *99#, ó já. Ìgbà kẹta ló dúró. Ojú ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí omi ń kán fún. Ọmọ náà ń ka nọ́ńbà káàdì sókè, ìyá ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i, èmi ń fi gègé tẹ̀ ẹ́. Mo ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, gbogbo wọn pariwo lé mi lórí, títí kan oníbàárà olórí àbọ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé káàdì yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣeré pẹ̀lú.

Ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn ni epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn biribiri. Ohun tó kù ni ìmọ́lẹ̀ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì lára ojú wa, òjò lórí páànù, àti fóònù tí a kò mọ̀ bóyá iná tó ti gbà yóò tó o. Kò sẹ́ni tó mira. Orúkọ ọmọ náà kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tí Ìṣirò yọ jáde pẹ̀lú C5, ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀ ìwé kà ń béèrè pé, "Ṣé ó ti wọlé? Ṣé ó ti wọlé?" Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ ló ń bi léèrè tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn tó yé e, ó kúnlẹ̀ nínú irun. Ọwọ́ onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ gbá mú, ó dúpẹ́ fún iná. Ó ní kí Ọlọ́run bá òun sọ fún Ìyá Oníkáàdì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó jókòó pẹ̀lú orí àbọ̀, èyí tó dáhùn pé kó má kúnlẹ̀ fún òun, kó bá òun wá epo. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ló wá yíjú sí mi. "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́."

Mo rántí pé inú bí mi díẹ̀. Èmi ni mo ni ẹ̀rọ!

Ẹni tó mọ ọpẹ́ dá

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló jẹ́ kí n padà síbi ìbínú yẹn, ó sì ti yé mi báyìí pé obìnrin náà ló rí i bó ṣe rí. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, gíláàsì tó ń tàn ni. Ẹni tó fún un ní iná, ẹni tó fún un ní owó ìpè, ẹni tó gbà kí wọ́n fá òun dé ìdajì, àwọn ni íntánẹ́ẹ̀tì. A máa ń pe ṣájà, okùn, bátìrì àti fóònù tó ń ṣílẹ̀kùn ní ọmọlẹ́yìn ẹ̀rọ, bíi pé ọ̀gá wà níbì kan tó lè dá dúró láìsí wọn. Ìyá Ẹlẹ́wà kò mọ ọ̀gá náà rí, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣì í mọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi oyin pa ìgbà náà lára. Títọrọ a máa dójú tini. Ọmọ onílé wa gbé fóònù rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan, ó sì dúró lé mi lórí, ó ń ka iye tó ń lọ, títí mo fi pa gbogbo rẹ̀ dé láìka ohun tí mo fẹ́ kà tán. Èmi náà kò sì mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kanlẹ̀kùn mi nínú October ọdún yẹn, ó fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún nǹkan kan. Owó wà lórí fóònù mi. Mo pa Bluetooth, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí fóònù Linux wọn tó ní síìmù, N900, dé ní 2009, mo rò pé wọ́n ti wo àrùn náà sàn. Lóòótọ́, láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ tó ní síìmù tirẹ̀, n kò kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ènìyàn mẹ́rin ni wá nínú ilé mi lónìí, dátà tí à ń rà lóṣooṣù jẹ́ ọ̀nà márùn-ún. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, n kò mọ orúkọ ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ògiri mi lápá ọ̀tún. Wi-Fi rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó yọ lójú fóònù mi lójoojúmọ́ pẹ̀lú àmì àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àgò tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn

Mo pinnu láti fi ìdáhùn han ọmọ mi dípò kí n sọ ọ́. Bátìrì àtijọ́ ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ. BP-5L ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀ sì yọ ọ̀kan fún mi lára Nokia E61 tó ti kú, irú bátìrì kan náà ni wọ́n ń lò. Ṣájà ẹlẹ́nu kékeré, ilé ìyá mi ni mo ti rí i, lára fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀.

N800 tàn. Ọmọ mi pariwo. Mo tan hotspot fóònù mi, Wi-Fi tí fóònù fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, mo yí i sí ìgbì 2.4 GHz nítorí pé etí àgbà kì í gbọ́ 5 GHz, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó wọlé! Àmì Wi-Fi dúró digbí lókè ojú rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà yan ojú ìwé tó wù ú.

Kò ṣí. A tún aago àti ọjọ́ rẹ̀ ṣe, nítorí ó ti padà sí ìgbà láéláé. Kò ṣí síbẹ̀. A gbìyànjú òmíràn, òmíràn tún tẹ̀lé e. Ojú ìwé àtijọ́ kan tí kò ní àgádágodo nìkan ló gbà wá, ọ̀rọ̀ lásán ni ó sì kún inú rẹ̀.

Mo jókòó ṣàlàyé fún un. Bí ẹ̀rọ bá dé ẹnu ọ̀nà ojú ìwé lónìí, wọ́n á kọ́kọ́ kíra kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀rọ á ní àgò, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní irú èdè ìkọ̀kọ̀ tí onílé gbà, kí olè tó wà lójú ọ̀nà má bàa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. TLS ni orúkọ ìkíni yẹn. Ti àtijọ́ tí N800 mọ̀ ti lábàwọ́n, àwọn bráwúsà ńlá ayé, ètò tí a fi ń ṣí ojú ìwé, sì pa á tì ní 2020. Ó yẹ kí wọ́n pa á tì. Owó ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà ènìyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó: kò sí ohun tó bàjẹ́ lára tábúlẹ́ẹ̀tì yìí. Ojú rẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ là, ó dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń sọ pé àgò onílé ní ohùn bàbá àgbà, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn pé yà.

"Ó ti kú nìyẹn," ni ọmọ mi wí.

Mo fẹ́ pa á nígbà tí mo rántí rédíò. FM wà nínú N800, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ nǹkan àfi bí íyàpíìsì bá wà nínú ihò rẹ̀, okùn íyàpíìsì ló ń lò bí eriali. Mo wá ọ̀kan tí etí kan rẹ̀ ti já. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú fèrèsé ilé ìdáná, mo wá 99.1. Ariwo ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Yorùbá láàrin ariwo náà: rédíò Amúlúdùn, láti Mọníyà, ẹnì kan ń ka ìkéde òkú.

Ọmọ mi na ọwọ́ láti tún okùn náà ṣe. Bó ṣe fọwọ́ kàn án, ohùn náà mọ́ gaara, bíi pé olóòtú wà nínú ilé pẹ̀lú wa. Ó fi í sílẹ̀, ariwo padà. Ó tún dì í mú, ó mọ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Dádì, èmi ló ń ṣílẹ̀kùn fún un!"

Ìyàwó mi tó ń ro àmàlà ní kó má sọ ọ́ sílẹ̀, òun fẹ́ gbọ́ orúkọ olóògbé. Ó dúró síbẹ̀, okùn lọ́wọ́, títí ìkéde náà fi parí.